Àlùfáà Tí Kò Bímọ Sáyé: Robert Murray M'Cheyne Nínú Ìwé Ìjọ àti Nínú Ìtàn Ìdílé

Nínú gbogbo àwọn ará Skọ́tlándì àtijọ́, ó ṣòro láti rí ẹni tó rọrùn láti tọpinpin tó àlùfáà. Àgbẹ̀ lè lo 70 ọdún láyé kí orúkọ rẹ̀ má jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú rẹ́jísítà: ọjọ́ tí wọ́n rì í bọmi, ọjọ́ tí wọ́n kéde ìgbéyàwó rẹ̀, bóyá ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ní òun fẹ́ di àlùfáà nínú Ìjọ Skọ́tlándì, láti ọjọ́ tó bá ti wọ yunifásítì ni akọ̀wé kan ti ń kọ nǹkan nípa rẹ̀. Ìgbìmọ̀ á dán an wò, wọ́n á kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọ á pè é, àwọn ọmọ ìjọ á fọwọ́ sí ìwé ìpè. Wọ́n á kéde orúkọ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá mọ àléébù rẹ̀ jáde wá sọ ọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni jáde tàbí kò sẹ́ni tó jáde. Ìdí nìyí tí inú àwọn tó ń tọ ìtàn ìdílé wọn fi máa ń dùn bí wọ́n bá kan àlùfáà lórí ìlà ìran. Ìdùnnú náà tọ́, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Ipò ni ìjọ ń kọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó wà nípò náà, àti àwọn tó bí i, ẹ̀gbẹ́ ìwé ni a ti máa ń rí wọn.

Ẹni tí mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ni Robert Murray M'Cheyne, àlùfáà ìjọ St Peter's ní ìlú Dundee, tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1843, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù méjì kó pé ọmọ 30 ọdún. Kò gbéyàwó, kò bímọ. Síbẹ̀ òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ọ̀pọ̀ àlùfáà tó lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sí i láyé lọ, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Andrew Bonar, tẹ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ jáde ní 1844, àwọn èèyàn kò sì yé tẹ ìwé náà láti ìgbà náà wá. Ohun tí mò ń jà fún níhìn-ín ni pé ìwé Bonar, bó ti wúlò tó, ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn nínú àwọn ìwé tí ẹni tó ń wá ìdílé M'Cheyne yóò ṣí. Àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ láti fi yìn ín ni kó kọ́kọ́ kà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ wà, pàápàá ìdílé ìyá rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọjọ́ àti ọdún. Wọ́n bí Robert ní Edinburgh ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1813. Òun ni àbíkẹ́yìn Adam M'Cheyne, tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní Writers to the Signet. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ High School ìlú náà ní 1821, ó wọ Yunifásítì Edinburgh ní 1827, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àlùfáà ní 1831 lọ́dọ̀ Thomas Chalmers, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ohùn wọn ń mi orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1835 ni wọ́n fún un láṣẹ láti máa wàásù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ó lọ ṣe igbákejì John Bonar ní Larbert àti Dunipace, nítòsí Falkirk. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 1836, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí ní St Peter's. Ní 1839 ó bá àwọn àlùfáà mẹ́ta mìíràn rìnrìn-àjò lọ sí Palestínì. Ó padà dé nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀, ibà typhus sì pa á.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí báyìí ni Fasti Ecclesiae Scoticanae. Hew Scott, àlùfáà Anstruther Wester ní Fife, ló kó o jọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde láàrin 1866 àti 1871, ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1915. Páríìṣì kan tẹ̀lé òmíràn, ìwé náà to àwọn àlùfáà láti ìgbà Àtúnṣe Ìsìn ọdún 1560. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn: ìgbà tí wọ́n bí i, ọmọ ta ni, yunifásítì wo, ìgbìmọ̀ wo ló fún un láṣẹ, ọjọ́ wo ni wọ́n fi í joyè, ọjọ́ wo ló kú. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ìyàwó àti ti bàbá ìyàwó, àwọn ọmọ, iṣẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin ṣe, ẹni tí àwọn ọmọbìnrin fẹ́. Fún àlùfáà tó pẹ́ láyé tó sì bí ilé kún, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo yìí lè já ẹni sí ìdílé márùn-ún. Fún ọ̀dọ́ tó kú láìgbéyàwó, ibi tí ìdílé yẹ kó wà ṣófo ni. Ìsàlẹ̀ ni Fasti ń wò, kì í wo ẹ̀gbẹ́. Kò sí ibi tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lè dúró sí nínú rẹ̀. Bákan náà ni ìwé àjọ owó opó àlùfáà rí, èyí tí Robert Wallace àti Alexander Webster ṣètò tí òfin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1744. Àlùfáà ń dá owó sínú rẹ̀ lọ́dọọdún kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ má baà ráre bó bá kú. Àwọn tó ń tọ ìran fẹ́ràn ìwé náà, wọ́n sì jàre, àmọ́ opó àti ọmọ aláìníbaba ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. M'Cheyne kò fi èyíkéyìí sílẹ̀.

Rẹ́jísítà ìjọba kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1855 ni Skọ́tlándì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dandan lé e pé kí a máa forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n sì ṣe é dáadáa débi pé ìwé ẹ̀rí ikú ibẹ̀ ń dárúkọ bàbá àti ìyá òkú, títí kan orúkọ ìdílé tí wọ́n bí ìyá sí. M'Cheyne ti kú ọdún méjìlá kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ ìjọ páríìṣì ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n ń kọ ìrìbọmi àti ìkéde ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ikú àti ìsìnkú, ibòmíràn kọ ọ́, ibòmíràn kò bìkítà. Ètò ìkànìyàn ọdún 1841 nìkan ló bá a láyé gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà, ìyẹn náà sì ní ìdènà tirẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 15 lọ rẹ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ sí iye ọdún márùn-ún márùn-ún, nítorí náà ọmọ ọdún 28 lè di ọmọ ọdún 25 nínú ìwé. Wọn kò béèrè bí ẹnì kan ṣe jẹ́ sí ẹnì kejì nínú ilé. Páríìṣì tí wọ́n ti bí èèyàn kò kàn wọ́n. Wọ́n kàn béèrè bóyá inú agbègbè náà ni. Arábìnrin tó ń bá arákùnrin rẹ̀ gbélé lè dà bí ìyàwó lójú ẹni tó ń kánjú kà á. Orúkọ wọn pàápàá ń yí bírí: M'Cheyne, McCheyne, MacCheyne. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà tó sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan kò tíì wá nǹkan kan.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn náà ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ọmọ Edinburgh ni Robert. Edinburgh ló ti kàwé láti kékeré, Edinburgh ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ òfin. Kí ló wá gbé e dé Annan láti gba àṣẹ ìwàásù? Annan wà ní Dumfriesshire, ní gúúsù pátápátá, tí èèyàn bá fẹsẹ̀ kan lọ síwájú á ti bọ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1835, ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà agbègbè náà, tí wọ́n ń pè ní presbytery, ló jókòó gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi èdè Látìn jiyàn lórí kókó ẹ̀kọ́ kan, kó ṣàlàyé ẹsẹ Bíbélì lọ́nà oríṣiríṣi, kó wàásù bí ẹni pé ìjọ wà níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ nínú èdè Hébérù àti Gíríìkì àti nínú ìtàn ìjọ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ á kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìdájọ́ wọn. Ìdí tí wọ́n sábà ń sọ ni pé àwọn tó ń dúró de ìdánwò ní Edinburgh ti pọ̀ jù, Robert sì fẹ́ tètè parí kó lè bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Mo gba àlàyé yẹn, àmọ́ ìdajì ló jẹ́. Ó sọ ìdí tó fi kúrò ní Edinburgh, kò sọ ìdí tó fi gba Annan lọ. Presbytery pọ̀ ní Skọ́tlándì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì sún mọ́ Edinburgh ju Annan lọ fíìfíì. Bí a bá ní ìlú bàbá rẹ̀ ló fà á, ìyẹn náà kò bá a mu: òótọ́ ni pé Dumfriesshire ni Adam M'Cheyne ti wá, ṣùgbọ́n apá Thornhill ni tirẹ̀, apá ibẹ̀ sì wà lábẹ́ presbytery Penpont. Ìyá ni ká wò. Lockhart Murray Dickson ni orúkọ rẹ̀, ọmọ David Dickson ti Locharwoods, ní páríìṣì Ruthwell. Abẹ́ Annan ni Ruthwell wà. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá Robert kan ń gbé lágbègbè náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Robert ti máa ń lo àkókò ìsinmi láti kékeré. Níbẹ̀ ló ti mọ Henry Duncan, àlùfáà Ruthwell, tó dá báńkì ìfowópamọ́ àwọn òtòṣì sílẹ̀ ní 1810, tó sì to àwọn àfọ́kù àgbélébùú òkúta àtayébáyé ibẹ̀ pọ̀ tó fi tún dúró. Duncan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó ní ìgbìmọ̀ Annan. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìdánwò, orí àga ìwàásù Duncan ní Ruthwell ni Robert ti kọ́kọ́ wàásù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba àṣẹ.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ìdílé ìyá ló ṣílẹ̀kùn fún un. N kò sọ pé Duncan gbè é lẹ́yìn lọ́nà àìtọ́. Kò sí ohun tó fi irú ìyẹn hàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí ọ̀nà dí nílé, ilé ìyá ni ọmọ náà sá lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti máa ń ṣe níbi gbogbo. Orúkọ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, tí Fasti ń kọ bí ẹni ń sáré kọjá, ló tọ́ka sí i. Ẹni tó bá kàn gba ọ̀rọ̀ náà bí ètò ọ́fíìsì lásán yóò gba ẹ̀gbẹ́ Ruthwell kọjá láìmọ̀.

Àṣà Skọ́tlándì kan ràn wá lọ́wọ́ níbí ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Obìnrin Skọ́tlándì kì í sọ orúkọ ìdílé rẹ̀ nù lójú òfin nítorí pé ó wọlé ọkọ. Orúkọ tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ń kọ sínú rẹ́jísítà ìrìbọmi ọmọ, nínú ìwé ìpíngún, àti lára òkúta ibojì. Ìdí nìyí tí a fi lè mú Lockhart Murray Dickson tààrà láìtọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn M'Cheyne náà wo ilé kí wọ́n tó pe ọmọ ìkẹyìn wọn ní Robert Murray. Murray tó wà láàrin orúkọ náà, ọ̀nà ìyá ló gbà wọlé. Nínú ìwádìí ìdílé ilẹ̀ náà, orúkọ àárín tó dà bí orúkọ ìdílé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó tọ́ kí a tọ̀ ọ́ lọ kí a tó tọ ohunkóhun mìíràn lọ.

Ní ti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó mọ orúkọ Robert kò mọ̀ pé ó ní wọn. David Thomas, àkọ́bí, ń tọ ipa iṣẹ́ òfin bàbá wọn. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1831, ikú rẹ̀ sì ni Robert fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ohun tó yí ọkàn rẹ̀ padà. Títí tó fi kú ni ọjọ́ yẹn ń padà wá nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. William di dókítà, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Bengal ní Íńdíà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ní láti fi ìwé ìjọ sílẹ̀ pátápátá, kó lọ sí British Library ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí wọ́n kó ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ East India Company sí. Ọmọbìnrin kan, Isabella, kú ní ìkókó. Ó wá ku Elizabeth, tí wọ́n ń pè ní Eliza.

Eliza ló ń bójú tó ilé Robert ní Dundee. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọ̀dọ́ àlùfáà tí ara rẹ̀ kò le, tó ń jáde láti ojúlé dé ojúlé bẹ àwọn aláìsàn wò, tí àwọn èèyàn ń rọ́ wọlé wá bá pẹ̀lú ìṣòro ọkàn wọn. Ẹni tó ń dáná, tó ń ṣí ilẹ̀kùn, tó ń gba lẹ́tà, tó ń sọ fún àlejò pé kí ó máa bọ̀ lọ́la, arábìnrin rẹ̀ ni. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ibà náà mú un ní oṣù Kẹta 1843. Ìgbìmọ̀ kankan kò dán Eliza wò, kò sí ìwé ìpè tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, nítorí náà ẹ̀rọ ńlá tó ń kọ àlùfáà sílẹ̀ yìí kò rí i. Bí mo bá ń darí ẹni tó jẹ́ ìran àwọn M'Cheyne, òun ni màá ní kó kọ́kọ́ wá, nítorí pé láàrin àwọn ọmọ náà, òun ló sún mọ́ ìgbésí-ayé Robert jù lẹ́yìn tó dàgbà, ọ̀dọ̀ òun àti àwọn òbí sì ni lẹ́tà ìdílé máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Andrew Bonar. Ìwé rẹ̀ dà bí oríkì: ó mú ẹni tó ń kì wá síwájú wa láàyè, ó sì mọ ohun tí ó yẹ kó fò. Òun àti Robert jọ kàwé lọ́dọ̀ Chalmers, wọ́n jọ lọ sí Palestínì, wọ́n sì jọ kọ ìtàn ìrìn-àjò náà tó jáde ní 1842. Ọgbẹ́ ikú kò tíì jinná nígbà tó ń kọ̀wé. Láàrin ọjọ́ ikú àti ọjọ́ tí ìwé jáde, Ìjọ Skọ́tlándì ti pín sí méjì: ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1843, ọ̀pọ̀ àlùfáà kúrò ní ìpàdé àpapọ̀ ní Edinburgh, wọ́n sì dá Free Church sílẹ̀, iye àwọn tó fi ipò sílẹ̀ lé ní 450. Bonar wà lára wọn. Ìjọ tuntun tó pàdánù ilé, owó oṣù àti ilé ìjọsìn ń wá ẹni tí yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe, ọ̀dọ́ tó kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú sì bá a mu rẹ́gí. N kò sọ pé Bonar parọ́. Mo ń sọ pé ó ní ìdí tó fi yan ohun tó yàn.

Ohun kan tún wà tí àwọn òǹkàwé kì í sábà fura sí. M'Cheyne fúnra rẹ̀ ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tó wà lẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà, ó ka ìtàn David Brainerd, ajíhìnrere láàrin àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó kú ní ọmọ ọdún 29 ní 1747, tí Jonathan Edwards sì tẹ ìwé ìrántí rẹ̀ jáde. Ó ka ti Henry Martyn, tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà àti Páṣíà tó sì kú ní 1812 ní ọmọ ọdún 31. Láti inú irú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tó kún fún ẹ̀sùn sí ara ẹni. Nítorí náà, bí a bá ka ìwé ìrántí M'Cheyne bí ẹni ń yọjú wo yàrá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, a ṣì ń ṣe bí òpè. Àkọsílẹ̀ tó ní àṣà tirẹ̀ ni, ó sì tẹ̀ lé àṣà náà. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ṣì wà ní ibi ìkàwé New College ní Edinburgh, nítorí náà kò sídìí tí olùwádìí fi ní láti tẹ́wọ́ gba kìkì ohun tí Bonar bù fún un.

Síbẹ̀ àrọ́bá ni baba ìtàn, àwọn ìtàn ilé kan sì wà nínú ìwé Bonar tí a kò ní rí níbòmíràn. Ó ní nígbà tí Robert wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò lẹ́yìn àìsàn, ó kọ́ orúkọ àwọn lẹ́tà Gíríìkì, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wọ́n sórí síléètì. Òǹkàwé olùfọkànsìn rí àmì ọmọ tí Ọlọ́run yàn. Èmi rí ilé agbẹjọ́rò kan ní Edinburgh níbi tí ẹnì kan ti ní ààyè láti jókòó ti ọmọ tó ń ṣàìsàn, tó sì mọ álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì. Bonar kò sí níbẹ̀. Ẹnu àwọn òbí nìkan ni ìtàn yẹn ti lè wá, ó sì sọ fún wa nípa wọn ju bó ti sọ nípa ọmọ náà lọ. Báyìí ló ṣe yẹ kí a máa ka apá tó sọ nípa ìgbà èwe nínú irú ìwé yìí: kí a béèrè lọ́wọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé ta ló wà níbẹ̀ tó rí i.

Ọ̀rọ̀ ìsọjí ìsìn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Dundee tún fi ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwé ìyìn àti àwọn ìwé mìíràn hàn. Nígbà tí Robert wà lókè òkun ní 1839, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Chalmers Burns ló dì í mú fún un ní St Peter's. Ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Kilsyth ní oṣù Keje, ó sì dé Dundee kété lẹ́yìn náà, nígbà tí àlùfáà ìjọ gan-an dùbúlẹ̀ àìsàn nítòsí Smyrna, tí wọn kò mọ̀ bóyá yóò yè é. Ìgbà tó padà dé ní oṣù Kọkànlá, Bonar ní ìpàdé àdúrà 39 ló ń wáyé lọ́sẹ̀ láàrin ìjọ náà, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Nǹkan tó ń tàn yinrin ni lójú ìwé ìyìn. Àmọ́ presbytery Aberdeen kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ìsọjí gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn àlùfáà káàkiri, M'Cheyne sì kọ èsì padà. Nínú èsì yẹn a gbọ́ ohùn mìíràn: ọmọ agbẹjọ́rò ló ń jẹ́rìí, tó ń ya ohun tó fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó gbọ́, tó ń gbà pé àwọn kan ti padà sẹ́yìn. Bí mo bá fẹ́ mọ irú ọmọ tí Adam M'Cheyne tọ́, ìwé èsì yìí ni mo máa kà ṣáájú gbogbo lẹ́tà ìtùnú rẹ̀.

Ìlú Dundee pàápàá ló pa Robert, kí a má fi bò. Dundee tó lọ ní 1836 ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀. Nígbà ìkànìyàn 1841 iye èèyàn ibẹ̀ ti lé ní 60,000. Àwọn òṣìṣẹ́ ń há mọ́ra wọn nínú yàrá kéékèèké, kòkòrò iná orí aṣọ sì ni ibà typhus fi ń rìn láti ara ẹnì kan sí ara ẹnì kejì. Ẹni tó bá ń wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láti gbàdúrà kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé. Nínú ìwé ìdílé, ọjọ́ ikú lásán ni. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìsìnkú àwọn ará páríìṣì tí wọ́n kú ní ìgbà òtútù kan náà, ó di ikú ẹnu iṣẹ́.

Ó ku ìdènà kan tí ó lè mú ẹni tí kò fura ṣìnà pátápátá. St Peter's kì í ṣe páríìṣì àtijọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní 1836 ni, lábẹ́ òfin tí ìpàdé àpapọ̀ ìjọ ṣe ní 1834 láti fún àwọn ilé ìjọsìn tuntun ní ipò páríìṣì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìkan. Ní oṣù Kìíní 1843, ilé ẹjọ́ gíga ní Edinburgh dájọ́ nínú ẹjọ́ Stewarton pé ìjọ kò ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn àlùfáà irú ibẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Nítorí náà, nígbà tí M'Cheyne fi máa kú ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, òfin kò ka ipò rẹ̀ sí bí ìjọ ti kà á. Islay Burns, arákùnrin William Burns, ló gbapò rẹ̀, abẹ́ Free Church ló sì ti ṣe é. Ní National Records of Scotland, àmì CH2 ni wọ́n fi sórí ìwé Ìjọ Skọ́tlándì, CH3 sì ni wọ́n fi sórí ti àwọn ìjọ tó ya kúrò. Ẹni tó bá ń wá M'Cheyne láàrin àwọn tó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún kò ní rí i, nítorí pé ó ti wà ní ibojì. Fasti ni yóò ti rí i, lábẹ́ Dundee. Ṣùgbọ́n àwọn tó rì bọmi, àti àwọn tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí ọgbà St Peter's, ìjọ kejì ni púpọ̀ nínú wọn bá lọ. Olùwádìí tó bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ ní láti béèrè ìwé lábẹ́ àmì méjèèjì, kó sì fi ti 1843 sórí tábìlì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.